Ìwọ̀n Ìyá Àgbà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Eyínmẹ́nugún bímọ láàárọ̀ yìí. Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Obìnrin ni, gíráàmù 940, kò ju búrẹ́dì kan lọ.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń po oúnjẹ tí à ń fà sínú iṣan fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, n kò sì rò ó rí pé mo máa po ti ẹbí mi. Àbúrò ọkọ mi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún lọ́dún tí mo wọlé wọn, nígbà tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Ó tún fi eyín náà hàn mí lónìí bí wọ́n ṣe ń tì í jáde lórí bẹ́ẹ̀dì, ètè gbẹ, ojú wú.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ máa fún un lóúnjẹ, àbí?"

"Èmi ni, ọkọ mi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó rọrùn láti sọ. Baba ọmọ wà lórí ọkọ̀ ojú omi níbi tí fóònù kì í tètè wọlé. Kó tó gbọ́ pé òun ti di baba, àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọmọ náà lórúkọ. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é, torí pé awọ ara rẹ̀ hun jọ, ó sì fajú ro bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun láìnídìí.

Mo po àpò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán: omi, ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀, àti amínò ọmọdé, èyí tí ara fi ń di ẹran. Mo fa ọ̀rá sínú síríńjì ọ̀tọ̀. Mo fi náílọ́ọ̀nù dúdú bo àpò náà kí ìmọ́lẹ̀ má bàa bà á jẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún

Ìgò amínò ọmọdé ku mẹ́rin. Ọmọ mẹ́ta ló wà lórí oúnjẹ iṣan, ìgò kan là ń ṣí fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójúmọ́, èyí tó bá ṣẹ́ kù, a ó dà á nù. Ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Ọ̀gá Sítóò. Ó ń jẹ ẹ̀pà láàárín páálí. Ó nawọ́ sí òkìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: amínò àgbàlagbà, èyí tí wọ́n ń fà sára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún.

"Àǹtí Apòògùn, ṣebí amínò ni amínò? Bí ọ̀bọ ti ṣe orí ni ìnàkí ṣe."

Mo ní orí kọ́ là ń sọ, ẹ̀dọ̀ là ń sọ. Nǹkan bí ogún oríṣi ló wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní amínò. Bí ọ̀kan bá wọ́n àgbàlagbà, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á fi òmíràn ṣe é. Ẹ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ò tíì kọ́ṣẹ́. Èyí tí kò lè dá ṣe, ìgò àgbà ò ní in tó. Èyí tí kò lè dà nù, tí yóò máa pa á lára, òun gan-an ló kún ibẹ̀ dẹ́nu. Ó gbọ́ mi tán, ó ní owó ìgò ọmọdé kan ń ra ìgò àgbà márùn-ún báyìí, ìgbìmọ̀ ò sì tíì fọwọ́ sí rírà rẹ̀ láti oṣù kejì. Ó fi ẹ̀pà lọ̀ mí. Mo kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kẹjọ

Òjò láti àárọ̀. Wàrà Eyínmẹ́nugún dé: ẹ̀kán mẹ́fà ní ìsàlẹ̀ ike. Wọ́n kán an sí ọmọ lẹ́nu, ikùn rẹ̀ wú, wọ́n dá a dúró. Iṣan nìkan ló kù.

Gíráàmù 860. Gbogbo ọmọ tuntun ló ń fọn díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ara ló ń dínkù. Mo ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ mi lórí fóònù. Ó ní, "Omi ara kẹ̀? Ẹni tó rí bí eku ẹmọ́, níbo ló ti rí omi ara tó ń fi tọrẹ?" N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ìgò ọmọdé tán. Mo lọ bá Ọ̀gá Dókítà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, á mọ̀ pé ó ti pinnu nìyẹn.

"Ẹ fi èyí tó wà nílẹ̀ ṣe é. Gíráàmù méjì sí kílò, ẹ má kọjá ibẹ̀."

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá ní ṣúgà nìkan ni mo máa fún wọn, ara ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo po ti àgbàlagbà fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì bú gbogbo àwọn tó ń joyè nílé ìwòsàn yìí lábẹ́ ìbòmú mi títí mo fi parí.

Lẹ́yìn náà mo kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì sí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn. Mo ní bí wọn ò bá ní í ra ti ọmọdé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ò ní í rà á, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ìpàdé di ọjọ́ kọkànlélógún.

Ọjọ́ kẹwàá

Ìdodo rẹ̀, níbi tí dírípù ń gbà wọlé, ti ń pupa, wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́. Láti aago mẹ́jọ ni wọ́n ti ń wá òmíràn. Dókítà kékeré gún ọwọ́, ó gún ẹsẹ̀, ó gún orí. Ìyá Àgbà ò sunkún mọ́, ó kàn ń ya ẹnu láìsí ohùn. Aago kan ti kọjá kí Màmá Wọ́ọ̀dù tó rí ọ̀kan ní ìgbọ̀nwọ́ òsì. Nọ́ọ̀sì ni Màmá Wọ́ọ̀dù kí wọ́n tó bí dókítà yẹn. Kò sí iṣan mìíràn lára ọmọ yìí. Bí èyí bá bọ́, ó parí.

Èmi fúnra mi ni mo gé pátákó tí wọ́n fi na apá náà kó má bàa ká. Mo fi òwú wé e, mo gbé òun àti báńdéèjì sórí òṣùwọ̀n ẹ̀tù tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi: gíráàmù 30. Mo kọ ìwé gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí amóoru tí ọmọ wà nínú rẹ̀: Ẹ MÁ TÚ PÁTÁKÓ YÌÍ FÚN OHUNKÓHUN. BÍ Ẹ BÁ WỌN ỌMỌ, Ẹ YỌ 30. Mo fọwọ́ sí i, mo fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá Wọ́ọ̀dù ní, "Ìwé yín le bí òfin ìjọba."

Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọjọ́ kẹtàlá

880! Ogún gíráàmù. N kò gbà á gbọ́, mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n níṣojú mi. Òṣùwọ̀n ní 910, wọ́n yọ 30. Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi àpótí rẹ̀, Eyínmẹ́nugún náà rẹ́rìn-ín.

Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn mímọ́ sórí iṣẹ́ mi dúró nígbà tí mo ti pò ó dé àárín. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èsì ẹ̀jẹ̀ dé, kò dára. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan ju bó ṣe yẹ lọ, ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀; yúríà rẹ̀, ìdọ̀tí amínò tí ara ò lò, ga. Ó ń mí sókè sódò bí ẹni tó sáré. Bí amínò bá ń di ẹran lára, yúríà kì í ga báyìí. Ó ń ga torí pé ara ń dà á nù ni. Mo gbé èsì náà lọ fún Ọ̀gá Dókítà, mo sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Kò wo èsì náà pẹ́. Ó ṣí ìwé ìwọ̀n. "903. Apòògùn, ṣé ọmọ tó ń sanra lebi ń pa?"

Mo wo ìwé ìwọ̀n náà. 880, 891, 903. Ohun tó bá ṣojú ẹni kò ṣeé jiyàn. Mo pààrọ̀ irú iyọ̀ tí mo ń lò kí kíkan náà lè rọlẹ̀ díẹ̀, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

926. Ọ̀gá Dókítà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n jókòó, ohun tí kì í ṣe. Ó ní ìgbìmọ̀ máa ka lẹ́tà mi lọ́túnla, àwọn èèyàn yẹn ò sì fẹ́ràn ẹni tó ń fi wọ́n sábẹ́ ẹ̀sùn. Ó ní, "Ọmọ ẹbí yín ni ẹ̀rí tó ta ko lẹ́tà yín. Kí lẹ máa sọ bí wọ́n bá béèrè?"

Mo rò ó títí. Ìwọ̀n ń gòkè. Bóyá èmi ni mo ka ìwé jù. Bóyá ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ yìí gbọ́n ju bí àwọn tó kọ ìwé náà ṣe rò lọ. Àti ká sòótọ́, ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé, mo gba lẹ́tà mi padà. Akọ̀wé bi mí bóyá kí òun bá mi ya á. Mo ní rárá, mo ya á fúnra mi.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Ìgbìmọ̀ ṣèpàdé. Wọn ò dárúkọ wa.

Ọjọ́ kejìlélógún

948! Ìyá Àgbà ti kọjá ibi tí wọ́n bí i sí! Màmá Wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́ fún un láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ìyá ọkọ mi gbàdúrà fún mi lórí fóònù títí owó ìpè rẹ̀ fi tán. Ọkọ mi gbá mi mú níwájú ilé ìdáná, ó ní, "Apòògùn mi, ìwọ lo gba ilé wa là." Mo jẹ́ kó sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ní kó tún un sọ.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

N kò fẹ́ kọ ti òní, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́, mo lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó bá di ọ̀la.

Apá òsì rẹ̀ wú láàárọ̀. Dírípù ti bọ́ kúrò nínú iṣan, ó ń lọ sínú ẹran. Kò sí bí a ò ṣe ní í tú pátákó. Eyínmẹ́nugún ti lọ sùn díẹ̀ nílé àwọn ìyá. Èmi àti Màmá Wọ́ọ̀dù nìkan la dúró tì í. Màmá Wọ́ọ̀dù fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ pílásítà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó tú u, ó tún tú u. Báńdéèjì funfun, lábẹ́ rẹ̀ èyí tó ti pọ́n, lábẹ́ ìyẹn pílásítà, lábẹ́ pílásítà báńdéèjì mìíràn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ti àná bá ti dẹ̀, wọ́n á fi tòní lé e, torí pé ìwé mi ní wọn ò gbọdọ̀ tú u. Òwú tó wà nísàlẹ̀ ti mu omi dírípù tó ń jò díẹ̀díẹ̀, ó mu ọ̀rinrin inú àpótí, ó rin gbindin. Apá tó jáde lábẹ́ rẹ̀ ò tó ìka mi.

Màmá Wọ́ọ̀dù gbé pátákó náà pẹ̀lú gbogbo ohun tó tú sọ́wọ́ bí ẹni ń gbé nǹkan wò lọ́jà. Ó nà án sí mi.

Mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ẹ̀tù mi. 118. Mo dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, mo tún un gbé sí i. 118.

A wọn Ìyá Àgbà ní ìhòòhò. 860.

Iye tó jẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ gan-an nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, kò fi gíráàmù kan kún ara. Pátákó ló ń sanra. Gbogbo oúnjẹ tí mo ń pò pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, pátákó ló ń fi dàgbà. N kò sì lè di ẹ̀bi ru àwọn nọ́ọ̀sì, torí ohun tí mo kọ ni wọ́n ṣe: wọ́n yọ 30 lójoojúmọ́ bí ẹni ń ka àdúrà, wọn ò fò ó lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mò ń wọn ẹ̀tù tí kò tó hóró iyanrìn, n kò wọn pátákó lẹ́ẹ̀kejì.

Màmá Wọ́ọ̀dù rí iṣan mìíràn ní ẹsẹ̀ ọ̀tún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi ni mo ní kò sí òmíràn.

Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo po oúnjẹ, mo fi rán wọn. N kò lọ sí wọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Ọ̀gá Dókítà. Ó nu gíláàsì rẹ̀. Ó ní ohun tó ti wọ ìwé ti wọ ìwé; kí wọ́n ṣí ojú ìwé tuntun, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 860, kí wọ́n sì sọ fún ìyá ọmọ pé apá tó wú ló fa omi jáde, òun ló mú ìwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá ra ti ọmọdé nísinsìnyí. Ó ní, "Lẹ́tà wo la máa fi béèrè, Apòògùn? Èyí tí ẹ gbà padà?"

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Bí mo bá rí ìyá ẹni tó dá òwe yẹn, mo máa kí i.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná.

"O ò gbọdọ̀ sọ fún àbúrò mi."

"Ọmọ rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni. Wàrà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ṣé o fẹ́ kó gbẹ ni? Jọ̀ọ́, ìyàwó mi. Pa á mọ́ra."

Mo wò ó. Òun ló ní mo gba ilé wọn là lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ti po ti òní sílẹ̀ lánàá. Mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ lọ sí ìlú kejì, níbi tí ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kàwé ti jẹ́ apòògùn. Wákàtí mẹ́ta lọ, wákàtí mẹ́ta bọ̀, òjò ń wọlé láti ojú fèrèsé tí kò tì. Ó fún mi ní páálí méjì, ìgò ogún, ti ọmọdé. Ó ní kí n má bi òun bí òun ṣe rí i. Mo gbé e lé itan títí mo fi délé, n kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ogún ìgò, ogún ọjọ́.

Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà

864. Ìhòòhò. Gíráàmù mẹ́rin. N kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ omi tó fà jáde yẹn fún Eyínmẹ́nugún. Màmá Wọ́ọ̀dù ní ó kàn mi orí, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ó ń fún wàrà sínú ike lọ́wọ́. Mo ń gba ẹ̀yìn lọ bá àwọn ọmọ báyìí, kí n má bàa pàdé rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Yúríà ti ń bọ̀ wálẹ̀. Ó ń mí bí èèyàn. Wọ́n fún un ní wàrà ìyá rẹ̀, mílíìlítà méjì, ikùn rẹ̀ gbà á.

Mo rí i bó ṣe rí nígbà tí ìgò bá jẹ́ ti ọmọdé. Inú mi yẹ kó dùn. Inú ń bí mi ni, torí ó ti yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni mo jí nínú ayé ọmọ yìí. Ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lásìkò yẹn, ó sì ń wá ohun tó máa fi dàgbà. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi ohun tí yóò jẹ́ tó bá di ọmọ ọdún méje, tí wọ́n bá ní kó ka A-B-D. Kò sí òṣùwọ̀n tó ń wọn ìyẹn.

Ọjọ́ kẹfà

905. Eyínmẹ́nugún pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn, kò síbi tí mo lè yà sí. "Ìyàwó wa, ẹ ti ń sá fún mi." Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó gbé ike wàrà sókè kí n rí i: ó ti kún dé ààbọ̀. Mo yìn ín bí ẹni ń yin ọmọ ilé-ìwé.

Ọjọ́ kẹrìnlá

1,010. Wọ́n yọ dírípù. Wàrà ìyá rẹ̀ nìkan ló kù. N kò ní àpò Ìyá Àgbà láti pò mọ́. Mo fọ ọwọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọmọ méjì yòókù náà bọ́ kúrò lórí oúnjẹ iṣan lánàá. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sí ibùsùn kejì, ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n, 1,020. Ìgò tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ méjì.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ìgò tán lánàá. Lónìí mo po ti àgbàlagbà fún ibùsùn kejì.

Ogúnjọ́

Ìpàdé gbogbo àwọn ọ̀gá, àwọn ìgbìmọ̀ jókòó níwájú. Ọ̀gá Dókítà fi ẹ̀rọ tan àwòrán ìwé ìwọ̀n kan sára ògiri. Ìlà pupa kan ń gòkè láti igun ìsàlẹ̀ lọ sí igun òkè. 860 sí 948. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni. Ojú ìwé kejì ò sí lára ògiri.

Ó ní, "Amínò àgbàlagbà, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wo bó ṣe ń gòkè." Ó ní owó tí a fi ń ra ti ọmọdé lè ṣe ohun mìíràn. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo wọn, apòògùn tó kọ́kọ́ ṣiyèméjì, tó sì fi ìwà àgbà gba lẹ́tà rẹ̀ padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo dìde. Mo ní ìwọ̀n tó wà lára ògiri yẹn kì í ṣe ti ọmọ, ti pátákó ni. Mo ṣàlàyé rẹ̀ látòkè délẹ̀, báńdéèjì lórí báńdéèjì. Mo ní èmi ni mo pàṣẹ pé kí wọ́n má tú u, kí wọ́n fi ìyà rẹ̀ jẹ mí bó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ìlà yẹn ra nǹkan kan fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá Dókítà ò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

"Apòògùn, ọmọ náà kú ni?"

"Kò kú, sà."

"Níbo ló wà?"

"Ó wà ní wọ́ọ̀dù. Ó ń mu wàrà ìyá rẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó."

Ẹnìkan lẹ́yìn ní bí pátákó bá lè sanra báyìí, kí wọ́n tètè fa amínò sára àwọn àga ilé ìwòsàn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Wọ́n fọwọ́ sí amínò àgbàlagbà fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ilé ìwòsàn, ìyá ọmọ nìkan ló kù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ẹnu alágbàṣe kan kó tó di ọ̀sán. N kò dúró gba àṣẹ ọkọ mi. Mo lọ bá Eyínmẹ́nugún.

Ó jókòó lórí àga onírọ̀gbọ̀kú, Ìyá Àgbà wà láyà rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí, orí nìkan ló yọ. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, kí ló dé?" Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìgò, lẹ́tà tí mo ya, pátákó, irọ́ omi tó fà jáde. N kò gbójú sókè títí mo fi parí.

Ó ń fọwọ́ kan ṣoṣo ra ọmọ náà lẹ́yìn. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa.

"Láti ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti dè é ni mo ti mọ̀. Èmi kì í kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin ẹ máa ń lọ. Mo ń rí wọn tí wọ́n ń fi tuntun lé ti àná. N kò mọ̀wé bíi tiyín, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń fi nǹkan kún kì í dúró lójú kan. Wọ́n á ní yọ ọgbọ̀n. Mo máa sọ nínú ara mi pé ó ti ju ọgbọ̀n lọ. Mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà, ni ẹ bá wọlé, ẹ wo ìwé, ẹ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tíì rẹ́rìn-ín nítorí ọmọ mi láti ìgbà tí mo ti bí i. Mo ní kó di ọ̀la. Bó bá di ọ̀la, ó á tún ga sí i, gbogbo yín á tún máa yọ̀, màá tún ní kó di ọ̀la."

Mo ti ṣètò ohun tí màá sọ bó bá pariwo, àti ohun tí màá sọ bó bá lù mí.

Ó wò mí lójú. Kò fi eyín hàn mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ̀bi."

Mo ní kò burú. Mo bá a tún ìbòrí ọmọ náà ṣe. Mo wá gòkè lọ fọ ọwọ́ mi, mo wọ ìbòmú, mo sì ṣí ìgò àgbàlagbà fún ibùsùn kejì.